Ojú Tí Verna Sabol Lẹ̀ Mọ́ Àbúrò Rẹ̀

Bí ẹ bá jókòó sórí àga Verna Sabol, ohun tó kọ́kọ́ máa bi yín ni pé ṣé ẹ lè fi imú mí dáadáa. Kò tíì kí yín tán tó ti máa bi yín. Yóò tẹ ihò imú kan pa, yóò ní kí ẹ mí, yóò tún tẹ ìkejì. Bí ọ̀fìnkìn bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bínú sí i nítorí èyí. Èmi kì í bínú, torí mo mọ ohun tó fẹ́ ṣe fún wọn. Yóò da nǹkan rírọ̀ kan tó tutù bí ògì bò wọ́n lójú, láti iwájú orí dé ọrùn, ihò imú méjèèjì nìkan ló máa ṣẹ́ kù. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ lèèyàn máa fi wà lábẹ́ rẹ̀, títí yóò fi le, tí yóò sì gba ìrísí ojú onítọ̀hún. Kò ní ríran, kò ní lè sọ̀rọ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló máa nà sókè ní gbogbo àkókò yẹn, bí àtàǹpàkò bá sì wálẹ̀ pẹ́nrẹ́n, Verna á ṣí gbogbo rẹ̀ kúrò lójú rẹ̀ kíá.

Ọgbọ̀n ọdún ni Verna fi ṣe eyín àtọwọ́dá ní ilé iṣẹ́ kékeré kan létí odò, nílùú wa, Brenner Run, ní Pennsylvania. Èmi náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọdún mọ́kànlá la sì fi jókòó ti ara wa. Mopélọ́lá ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n àwọn ará ibí ò ní àkókò ìyẹn, "Mo" lásán ni wọ́n ń pè mí, mo sì ti gba kámú. Verna ga, ó tín-ín-rín, ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, kì í rẹ́rìn-ín láìnídìí. Ibi tó ti ń wọn ẹnu àwọn arúgbó ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń da sìmẹ́ńtì funfun sínú ohun tí wọ́n bá wọ̀n, àti bí wọ́n ṣe ń fi rọ́bà ṣe ẹran ara tó máa tan ojú jẹ. Bó bá di oṣù kẹwàá, ọgbọ́n yẹn náà ló fi ń ṣe ojú iwin fún àwọn òṣèré.

Gàráàjì rẹ̀ ló ti ń ṣe é. Mi ò fẹ́ràn ibẹ̀ rí. Orí èèyàn ló tò sórí pákó yíká ògiri, ó lé ní ogójì, wọ́n funfun báláú, gbogbo wọn dijú. Ojú tòótọ́ ni o, ojú àwọn ará ìlú wa tó ti wọ̀n. Stan tó ń ta táyà wà níbẹ̀. Obìnrin tó ń tọ́jú ìwé ní ilé ìkówèésí wà níbẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn ti kú, Verna ò sì kó wọn kúrò.

"Verna, kí lẹ ń fi òkú ṣe lórí pákó?" mo bi í lọ́jọ́ kan.

"Wọn ò dí mi lọ́wọ́. Ìwọ lò ń dí mi lọ́wọ́."

Iṣẹ́ iwin kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán nílùú wa. Àwọn panápaná wa kì í gbowó oṣù, ará ìlú tó yọ̀ǹda ara wọn ni wọ́n. Inú abà ńlá kan lẹ́yìn ìlú ni wọ́n ti ń rí ohun tí wọ́n fi ń ra bàtà àti rọ́bà omi, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú Halowíìnì, àjọ̀dún iwin tó wà ní ìparí oṣù kẹwàá. Àwọn èèyàn á sanwó wọlé kí àwọn iwin lè dẹ́rù bà wọ́n. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo ní àwọn wọ̀nyí ò tíì gbọ́ pé ẹ̀rù ọ̀fẹ́ pọ̀ láyé. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, èmi ni mo ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà.

Baba Èédú ni gbogbo wọn ń wá wò. Ìtàn ìlú wa ni pé ó há sínú kòtò èédú tí omi ti kún, pé èédú ti wọ̀ ọ́ lára, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí ẹrẹ̀ kún ẹnu rẹ̀. Rudy Sabol, àbúrò Verna, ló ń ṣe é. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń ṣe é. Rudy ń tún bọ́ọ̀sì ilé ìwé ṣe, ó sanra, aláwàdà ni, kò láya, kò bímọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí bàbá wọn kú, Verna sì jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Ìyá wọn ń ṣiṣẹ́ alẹ́, nítorí náà Verna ló ń wẹ̀ fún Rudy, òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun ló ń nà án. Ìyá náà ti kú báyìí. Rudy nìkan ló kù fún Verna láyé, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ ọ́ fún mi, ẹni tí kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. "Mo," ó ní, "bí nǹkan bá ṣe ọmọ yẹn, mi ò tún ní ẹni tí mo máa bá jà." Ọmọ yẹn ti di ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta.

Verna ní òfin kan tí kì í fi ṣeré. Bó bá ku ọjọ́ kan kó lẹ nǹkan mọ́ èèyàn lójú, yóò fi rọ́bà àti gọ́ọ̀mù díẹ̀ tọ́ ẹ̀yìn etí onítọ̀hún, yóò ní kó lọ sùn. Bí ibẹ̀ bá pọ́n, tàbí tó bá ń yún un, ó parí, kó lọ máa já tíkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú mi. Maribeth ló fà á. Maribeth bá wa ṣiṣẹ́ eyín, ọdún méjìlá ló fi wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí nǹkan kan ò ṣe é. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọwọ́ rẹ̀ wú, ètè rẹ̀ wú, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Orí ló kó o yọ. Dókítà sọ fún gbogbo wa pé kì í ṣe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé rọ́bà ló ń ṣe báyìí jù. Ẹni tó ti ń fara kàn án láti ọdún pípẹ́ ni. Ara á máa gbà á, á máa gbà á, títí ọjọ́ tí ara á kọ̀ ọ́ pátápátá. Ohun tó bá ṣe ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Verna gbọ́ òwe yẹn dáadáa, ó sì lò ó fún gbogbo èèyàn àfi Rudy.

Ní oṣù keje, a jẹun lábẹ́ igi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Rudy bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan, ó gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó sì sọ ìyókù nù.

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti di ọ̀tá mi lọ́dún yìí," ó ní. "Ṣe ló ń yún mi lẹ́nu."

"Ọ̀bọ kọ ọ̀gẹ̀dẹ̀!" Verna ní. "Ayé ti bàjẹ́."

Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Èmi rántí pé Maribeth ti sọ fún wa rí pé láti ìgbà tí ara òun ti kọ rọ́bà, òun ò lè jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́, pé dókítà ní àwọn méjèèjì máa ń rìn pọ̀. Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Wọ́n gbé pìrógì gbígbóná dé, ìyẹ̀fun sísè tí wọ́n fi ọ̀dùnkún sí nínú, mo fi ẹnu yẹn jẹun. Inú ṣì ń bí mi sí ara mi títí dòní.

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ni mo tó sọ ọ́. Verna ń po rọ́bà nínú gàráàjì.

"Verna, ṣé ẹ ti tọ́ ẹ̀yìn etí Rudy wò lọ́dún yìí?"

"Etí Rudy? Nítorí kí ni?"

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń yún un lẹ́nu yẹn. Ẹ rántí Maribeth."

Kò gbójú sókè. "Ọdún mọ́kàndínlógún, Mo. Mo mọ awọ ara ọmọ yẹn ju tèmi lọ. Èmi ni mo ń fi kànrìnkàn bó o."

"Àwa náà mọ awọ Maribeth."

"Ṣé o fẹ́ máa já tíkẹ́ẹ̀tì ni, àbí o fẹ́ gba iṣẹ́ mi?"

Ó yẹ kí n jà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ilé onílé ni mo wà, iṣẹ́ oníṣẹ́ sì ni.

Oṣù kẹwàá dé. Lẹ́yìn òpin ọ̀sẹ̀ kejì, Rudy wá sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ojú tó wú bí ẹni tí oyin ta. Ó ní eruku koríko inú abà ni. Lẹ́yìn òpin ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tún wú, ó wú ju tàkọ́kọ́ lọ. Verna ní kó máa fi omi tútù bọ́jú. Ó sì ti ṣe ohun tuntun kan fún un tó ń fi yangàn káàkiri ìlú: ẹnu Baba Èédú lọ́tun, rọ́bà tó yí wọ inú ètè títí dé èrìgì, kí ó lè dà bíi pé ẹnu náà ti jẹrà látinú wá. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn ló pa á mọ́ dè, ọjọ́ tí wọ́n máa ń ṣí abà fún àwọn ọmọdé ní aago méjì ọ̀sán, tí iná á tàn yanranyanran kí wọ́n má bàa bẹ̀rù jù. Kò sí ọjọ́ tí Rudy fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ló jókòó sórí àga. Verna ní kó fi imú mí. Ó fi imú mí. Mo gbé búrọ́ṣì àti abọ́ gọ́ọ̀mù dání, Verna sì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ iwájú orí mọ́ ọn.

"Má mira."

"Èmi kọ́ ló ń mira, ilẹ̀ ló ń mì," Rudy ní.

"Ẹnu rẹ ló ń mì. Pa á dé, mo fẹ́ lẹ ètè."

"Bí o bá pa ẹnu mi dé, ta ló máa sọ fún ọ pé o ti darúgbó?"

"Mo wà níbí," mo ní.

"Gọ́ọ̀mù tí mo ní á tó ẹnu ẹ̀yin méjèèjì," Verna ní, a sì rẹ́rìn-ín.

Ó lẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó lẹ tòsì. Ó fi ìka tẹ etí rọ́bà mọ́ abẹ́ ojú rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ títí tí a ò fi mọ ibi tí Rudy parí sí àti ibi tí rọ́bà ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn dára, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́. Ìgbà tó gbé ẹnu tuntun wọ̀ ọ́ ni Rudy gbé ọwọ́ sókè.

"Ọ̀gá, ojú ń yún mi o."

"Ọdọọdún lojú ń yún ọ."

"Tòní yàtọ̀."

Búrọ́ṣì dúró lọ́wọ́ Verna. Mo rí i, ó dúró. Ó wo àbúrò rẹ̀, ó wo aago lára ògiri. Aago kan ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn ọmọ á sì ti máa tò sẹ́nu ọ̀nà abà.

"Á rọlẹ̀ bó bá gbẹ," ó ní. Ó tan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun, ó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí i lójú.

Ibì kan ṣì wà lọ́rùn Rudy tí rọ́bà ò bò. Mo rí i pé ibẹ̀ pọ́n, ó lé róró. Kí n tó sọ̀rọ̀, Verna ti fi pẹ́ńtì dúdú kùn ún. Mi ò mọ̀ bóyá ó rí i. Mi ò bi í rí, mi ò sì ní bi í láéláé.

Ó yẹ kí n sọ pé àwọn òṣèré abà ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń ké bí ewu gidi bá dé. Halúṣkì ni, kábéèjì tí wọ́n fi bọ́tà dín pẹ̀lú ìyẹ̀fun gígé, oúnjẹ gbogbo ilé níbí. Wọ́n mú un nítorí kò sí iwin tó máa dárúkọ oúnjẹ. Bí wọ́n bá ti ké e, eré á dúró, àwọn panápaná á sáré dé. Ṣùgbọ́n Baba Èédú kì í sọ̀rọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún, kò tíì sọ gbólóhùn kan rí nínú abà yẹn, gbogbo ìlú ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló jáde látinú àpótí èédú rẹ̀ tí gbogbo nǹkan lọ bó ṣe yẹ. Àwọn ọmọ ké, wọ́n sá, wọ́n tún padà wá. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù nígbà tó jáde lẹ́ẹ̀kẹrin. Ó di ọrùn ara rẹ̀ mú. Ó rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ síbí, ó rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sọ́hùn-ún, ó fi orúnkún kúnlẹ̀ sórí koríko. Bàbá kan gbé fóònù sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó! Ó ń kú!" Àwọn ọmọ náà ń pariwo pé ó ń kú, ó ń kú. Rudy yí ojú sí ẹnu ọ̀nà níbi tí mo dúró sí, ó na ọwọ́ sí mi. Ó la ẹnu rọ́bà yẹn, ohùn fíín-fíín kan ló sì jáde, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń yọ lára táyà. Mo ní lọ́kàn mi pé Rudy ti gbó nínú iṣẹ́ yìí.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ìgbà náà ni Verna wọlé pẹ̀lú búrọ́ṣì, ó fẹ́ tún pẹ́ńtì ṣe. Ọwọ́ àti orúnkún ni àwa ń wò. Verna wo ojú rọ́bà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀. Etí rọ́bà abẹ́ ojú ti ṣí. Kì í ṣe pé gọ́ọ̀mù tú. Ojú tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń wú, tó ń ti rọ́bà síta. Ihò ojú ọ̀tún ti dí pa.

"Halúṣkì!" ó ké. "Halúṣkì! Halúṣkì!"

Àwọn tó wá láti ìlú mìíràn bú sẹ́rìn-ín. Ta ló ń wá kábéèjì níbí?

Láti bọ́ ojú yẹn, ó máa ń gba Verna tó ogójì ìṣẹ́jú, pẹ̀lú òróró àti búrọ́ṣì, díẹ̀díẹ̀, nítorí gọ́ọ̀mù náà lágbára ju awọ lọ. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ tó fi fà á ya lọ́jọ́ yẹn. Ó ki èékánná bọ abẹ́ rẹ̀ látẹ̀yìn etí òsì, ó fà á, awọ sì tẹ̀ lé e láti etí dé àgbọ̀n. Ojú tó jáde kì í ṣe ojú ẹni tí a mọ̀. Ètè rẹ̀ tóbi bí ìkúùkù, ojú méjèèjì ti wọlé lọ. Àwọn ọmọ tí Baba Èédú ò dẹ́rù bà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ọkọ̀ áńbúláǹsì ò ju ogún ìgbẹ́sẹ̀ lọ sí ibẹ̀. Wọ́n gbé e sílẹ̀ káwọn ọmọ lè máa gun inú rẹ̀ ṣeré. Wọ́n gún Rudy lábẹ́rẹ́ nítan, wọ́n gún un lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ń wá ọ̀nà ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ lọ́fun, ọ̀fun ò gbà. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ láyà ti jẹ pìrógì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní oṣù keje. Dókítà jáde bá wa ní ilé ìwòsàn lẹ́yìn aago mẹ́rin. Verna ti rí ojú rẹ̀ látòkèèrè, ó sì ti jókòó sílẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Níbí, wọ́n máa ń ṣí pósí sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí gbogbo ìlú lè wá wo òkú lójú. Ọ̀gbẹ́ni Yurick ló ń tọ́jú òkú nílùú wa, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó fẹ́ bá Verna ṣe ojú Rudy. Verna gbé àpótí iṣẹ́ rẹ̀ dé, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan án. Ó ní kí n bá òun dúró.

Wíwú náà ti rọlẹ̀. Ó fá irùngbọ̀n rẹ̀, ó ya irun rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe máa ń yà á, ó fi àtíkè díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló kan ojú ọgbẹ́. Ó yọ ìda, ó po àwọ̀ sí i, ó fi ọ̀bẹ kékeré tẹ́ ẹ láti etí dé àgbọ̀n. Àní ó fi abẹ́rẹ́ gún ihò irùngbọ̀n sí i. Nígbà tó fi ọwọ́ kúrò, ọgbẹ́ ò sí mọ́. Rudy ló sùn sílẹ̀ níwájú wa, ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ àwàdà.

"Ẹ̀bùn nìyí, Verna," Ọ̀gbẹ́ni Yurick ní. "Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni."

Verna wò ó pẹ́. Ó wá ki ìka bọ abẹ́ ìda náà, ó hó gbogbo rẹ̀ kúrò.

"Kí lẹ ń ṣe?" Ọ̀gbẹ́ni Yurick ké. "Gbogbo ìlú ló ń bọ̀ wá wò ó!"

"Kí wọ́n wò ó."

"Wọ́n máa béèrè o."

"Màá wà níbí. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè, kó bi mí."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Verna, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú ara yín." Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó pa àpótí dé, ó lọ dúró síbi orí pósí.

Ọjọ́ méjì gbáko ló fi dúró níbẹ̀ nínú aṣọ dúdú. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń wo ọgbẹ́ náà, wọ́n ń gbójú kúrò, wọ́n ń di Verna lọ́wọ́ mú, wọ́n ń kọjá. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, obìnrin kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá, ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ. Ọmọ náà fẹsẹ̀ ṣóńṣó dúró, ó wo inú pósí dáadáa.

"Ta ló ṣe é lójú báyìí?"

Ìyá rẹ̀ fà á lọ́wọ́. Verna ní kó fi í sílẹ̀.

"Èmi ni."

"Ṣé ó dùn ún?"

"Rárá, ọmọ mi," Verna ní. "Mo ti pẹ́ jù. Ká ní mo tètè ṣe é ni, ì bá dùn ún."